Kò Dìgbà Tí A Bá Kọ́ C Kí A Tó Kọ́ Rust

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ èdè Rust gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ èdè C kọjá, àti pé ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní mọ ohun tí ń lọ nínú ẹ̀rọ láéláé. Èdè méjèèjì wà lára àwọn tí a fi ń kọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú kọ̀ǹpútà, irú bí ètò ìpìlẹ̀ tí ń darí ẹ̀rọ àti àwọn ètò tí ń gbé ìsọfúnni kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ó ti di dandan kí ẹni tí ń kọ ọ́ mọ ohun tí ó wà nínú mẹ́mọ̀rì, ìyẹn ààyè tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, àwọn ìbéèrè kéékèèké tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń béèrè ni yóò sì tú u fó.

Èyí tí ó sábà máa ń ṣáájú nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ let odo = String::from("Ọ̀ṣun"); ó kọ let ibi = odo; tẹ̀ lé e, ó wá ní kí ẹ̀rọ gbé odo jáde lójú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ètò tí ń yẹ ohun tí a kọ wò kí ó tó sọ ọ́ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, kọ̀ jálẹ̀: ó pe àṣìṣe náà ní E0382, ó fa ìlà sábẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ odo, ó sì tún fa òmíràn sábẹ́ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti fẹ́ lò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ á béèrè pé kí ló ṣe odo, ṣebí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà wà ní apá mẹ́mọ̀rì tí a gbọ́dọ̀ dá padà nígbà tí a bá lò ó tán, orúkọ kan ṣoṣo ni Rust sì gbà kí ó ni ín lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ẹni tí ó ni ín ni yóò dá a padà. Bí orúkọ méjì bá jọ ni ààyè kan, ọ̀rọ̀ á dà bí ìgbà tí ọmọ onílẹ̀ ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì.

C kì í dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró. Nínú C, a lè fi àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo sábẹ́ orúkọ méjì, kí a fi free dá ààyè náà padà láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan, kí a sì tún lọ ka ohun tí ó wà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ èkejì. Kọ̀ǹpáílà lè kìlọ̀ bí a bá ti ní kí ó máa kìlọ̀, ṣùgbọ́n kò ní kọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn ètò náà á tilẹ̀ gbé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń retí jáde, akẹ́kọ̀ọ́ á sì lọ sùn pẹ̀lú èrò pé òun ti mọ̀ ọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú rẹ̀ mú á tún béèrè ìdí tí let iye = 5; let eda = iye; kò fi mú wàhálà kankan wá. Ìbéèrè gidi ni. Nọ́ńbà yìí kò ju báìtì 4 lọ, kò sì sí ohun tí ó ń tọ́ka sí níbòmíràn, nítorí náà ẹ̀dà rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ṣe. String ní tirẹ̀ jẹ́ nǹkan mẹ́ta tí a dì pọ̀, èyí tí í ṣe àdírẹ́ẹ̀sì ibi tí ọ̀rọ̀ wà, gígùn ọ̀rọ̀ náà, àti ìwọ̀n ààyè tí a gbà fún un, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ báìtì 24 lórí kọ̀ǹpútà oní-bíìtì 64; bí a bá ṣe ẹ̀dà wọn, orúkọ méjì á jọ ni ààyè kan náà. Àwọn tí ń sọ pé láìsí C, kò sí ẹni tí ó lè mọ ohun tí àdírẹ́ẹ̀sì mẹ́mọ̀rì jẹ́, kò wò ó pé ìlà méjì péré ni ó mú akẹ́kọ̀ọ́ yìí dé ibẹ̀.

Ìbéèrè kẹta kan ẹni tí ń kọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ojú rí lẹ́tà mẹ́rin nínú Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n odo.len() dáhùn pé 10, odo.chars().count() sì ní 5 ni. Báìtì ni len ń kà: bí a bá tẹ Ọ àti ṣ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí àmì abẹ́ wọn ti so mọ́ wọn, báìtì 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà, àmì ohùn tí ó wà lórí Ọ gba 2, u àti n gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan. odo.chars().count() ka àmì ohùn yẹn sí ohun kan tí ó dá dúró. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá kọ odo[0] láti mú lẹ́tà àkọ́kọ́, Rust kò ní gbà á. C náà yóò sọ pé 10 bí a bá bi strlen, ṣùgbọ́n yóò fi tayọ̀tayọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní odo[0], ìdá mẹ́ta lẹ́tà Ọ, tí kì í ṣe lẹ́tà ní èdè ẹnikẹ́ni.

Àwọn tí ń ti C lẹ́yìn á ní òun ló ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ ni: ní nǹkan bí ọdún 1972 ni Dennis Ritchie ṣe é ní Bell Labs, nígbà tí Graydon Hoare kò bẹ̀rẹ̀ Rust títí di ọdún 2006, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ sì jáde ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2015. Ṣùgbọ́n inú èdè B ni C ti wá, B náà sì ti inú BCPL wá, kò sì sí ẹni tí ń lé akẹ́kọ̀ọ́ C padà lọ kọ́ B.

Èyí tí ó wúwo jù nínú àríyànjiyàn wọn ni pé ìnira C ń kọ́ni ní ìṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2014, a kéde àléébù tí a ń pè ní Heartbleed nínú OpenSSL, àkójọ ètò tí àìmọye ìkànnì fi ń dáàbò bo ìsọfúnni, tí a sì fi C kọ. Ẹni tí ó wà lókèèrè lè fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́, kí ó parọ́ pé ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, sáfà á sì ṣe ẹ̀dà ohun tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà nínú mẹ́mọ̀rì fún un, tó nǹkan bíi kílóbáìtì 64. Báwo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe gùn tó ní tòótọ́? Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, àwọn àgbà ni kò sì béèrè rẹ̀. Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Microsoft sọ pé nǹkan bíi 70 nínú 100 àwọn àléébù ààbò tí a ń fún ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ CVE nínú iṣẹ́ wọn lọ́dọọdún ni ó jẹ mọ́ àṣìlò mẹ́mọ̀rì. Àwọn tí ń kọ C àti C++ níbẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọ àná.

A kò ní fi Rust ṣe ohun tí kò jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ to nǹkan ní ẹsẹẹsẹ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa tọ́ka sí èyí tí ó wà níwájú àti èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí C ń ṣe ní ìrọ̀rùn, yóò rí ìyà nínú Rust, nítorí pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ kí ó hàn kedere èyí tí ó ni èkejì. Kí ó lo Vec, àkójọ tí Rust ní fún títo nǹkan tẹ̀léra, kí ó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ètò ìpìlẹ̀ Linux ní láti lè ka C, nítorí pé bí ẹ̀dà 6.1 tí ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2022 tilẹ̀ ti fàyè gba Rust, C ló ṣì kún inú rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ C nígbà tí iṣẹ́ bá béèrè fún un, yóò sì máa bi ìlà kọ̀ọ̀kan pé ta ló ni ààyè yìí, ta ni yóò sì dá a padà, nítorí pé kọ̀ǹpáílà C kò ní bá a béèrè.