Ṣúgà La Ọ̀nà fún Ẹ̀jẹ̀

Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ pátápátá, ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló máa ń retí. Àwọn onímọ̀ wá ní ṣé kò ṣeé gbìn ni?

Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara wa, máa ń wà láàyè nínú àwo bó bá fẹ́lẹ́ bí ìwé. Àmọ́ bó bá ti nípọn díẹ̀, àárín rẹ̀ á kú. Kí ló pa á? Ebi ni! Nínú ara ẹ̀dá, sẹ́ẹ̀lì kì í sábà jìnnà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ju ìnípọn irun orí méjì lọ. Ọjà tí kò lọ́nà, ta ni yóò gbé oúnjẹ wọ̀ ọ́?

Ní 2012, Jordan Miller, Christopher Chen àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Pennsylvania l'Amẹ́ríkà yọ́ ṣúgà, wọ́n fi ẹ̀rọ fà á ní fọ́nrán-fọ́nrán bí àwọ̀n, ó le gbagidi. Wọ́n da nǹkan tó ń dì bí ẹ̀kọ, tí sẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, bò ó. Nígbà tó dì tán, omi yọ́ ṣúgà dànù, ihò rẹ̀ sì di ọ̀nà. Àbí kí ni àwọn tó ń fi ìda rọ ère idẹ ń ṣe láti ayébáyé?

Wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì iṣan tẹ́ inú ihò náà, ẹ̀jẹ̀ èèyàn gbabẹ̀ kọjá. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ eku tí wọ́n kó sínú irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ ju èyí tí kò lọ́nà lọ.

Odindi ẹ̀dọ̀ kọ́ o! Ó ku bí wọ́n ṣe máa rán ọ̀nà náà mọ́ iṣan aláìsàn, kí ẹ̀jẹ̀ má dì níbẹ̀, kó má sì jò.