Ẹ Bi Í Léèrè Kí Ilẹ̀ Tó Ṣú

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Tí ọ̀dọ́ wa kan bá kú nílùú yìí, WhatsApp á kún fún owó tá a máa fi gbé òkú ẹ̀ lọ sílé, owó náà á sì pé. Àmọ́ ta ló bi í léèrè nígbà tó ṣì wà láàyè?

A mọ ohun tó ń jẹ wọ́n. Wọ́n tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà 2023, kó tó pọdún, owó iléèwé tí bàbá tọ́jú ti já sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọmọ á fi òru ṣiṣẹ́, á ní "dáadáa ni, mà" lórí fóònù.

Èmi ò fara mọ́ ọn pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó lè bá jagunjagun àtijọ́ mu. Kò bá ẹni tó jẹ gbèsè tàbí tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò mu. Gbèsè ṣeé san, ìdánwò ṣeé tún ṣe.

Ẹ wo àmì: kò jáde mọ́, kò rí oorun sùn tàbí kó máa sùn ṣáá, oúnjẹ ò wù ú, ó ń pín ẹrù ẹ̀ fáwọn èèyàn, ó ń sọ pé ìnira lòun jẹ́ fún wọn nílé. Nígbà náà, ẹ bi í ní tààràtà: "Ṣé o ń rò ó láti pa ara ẹ ni?" Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti yẹ̀ ẹ́ wò: ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn. Ó máa ń jẹ́ kéèyàn lè mí.

Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má wàásù, ẹ má bá a jà. Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Tó bá le, ẹ pe 999, tàbí kẹ́ ẹ mú un lọ sí A&E ní King's, Denmark Hill. Tí kò bá tíì le tó yẹn, ẹ pe 111, kẹ́ ẹ tẹ 2. Samaritans ń gbé 116 123 tọ̀sán-tòru, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè gbàdúrà o, àmọ́ ẹ pè wọ́n náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù: abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà kọ ẹ̀wọ̀n ọdún kan sílẹ̀ fún ẹni tó gbìyànjú láti pa ara ẹ̀. Níbí, wọ́n ti pa irú òfin yẹn rẹ́ láti 1961. GP ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. £776 lọ́dún kan lẹ kúkú ń san fún NHS pẹ̀lú físà iléèwé.

Ẹ má sì ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Láti 1954, ní Arò, l'Abẹ́òkúta, Adéoyè Lambo ní káwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, tàwọn ti ẹbí wọn. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí ẹni tí ọkàn ẹ̀ gbọgbẹ́ máa dá gbé. Ní Walworth, àwa ni ẹbí yẹn.

Ẹ wo àwọn tó ti dákẹ́ lórí group wa. Ẹ mú ẹnì kan, kẹ́ ẹ pè é lálẹ́ yìí. Ẹ pè é o, kì í ṣe emoji.