Ohun Tí A Kò Béèrè Kí Màmá Tó Sun Inú Àgọ́

Nígbà tí àwa ọmọ fẹ́ mú ìyá wa lọ wo ẹranko ní Serengeti, ní orílẹ̀-èdè Tanzania, a béèrè oúnjẹ, a béèrè ibùsùn, a sì béèrè ọkọ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó béèrè ibi tí Màmá yóò ti máa tọ̀ lóru.

Àgọ́ aṣọ ni a dé sí. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ máa ń ṣí kiri tẹ̀lé agbo ẹran wildebeest tó ń wá koríko tútù, nítorí náà kò sí páìpù omi níbẹ̀. Omi tí a fi iná igi sè ni àwọn òṣìṣẹ́ ń rọ sínú korobá tí wọ́n so kọ́ òkè. Bí a bá fa okùn, omi á máa tú sí wa lára. Korobá náà kò gbà ju bíi lítà 20 lọ, nítorí náà a ó rẹ ara, a ó pa omi, a ó fi ọṣẹ họra, kí a tó tún un ṣí. Èyí dùn mọ́ Màmá. Wọ́n ní omi korobá ni wọ́n fi tọ́ àwọn dàgbà.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ìṣòro. Ṣáláńgá tó mọ́ tónítóní ni, ó ní ìjókòó, eérú sì wà nílẹ̀ tí a fi ń bo ìgbẹ́ kí ó má baà rùn. Ṣùgbọ́n ó tó ìṣísẹ̀ 30 sí àgọ́ wa, kò sì sí ọgbà tó yí ibùdó ká. Ìkookò àti kìnnìún a máa gba ibẹ̀ kọjá lóru. Ẹni tó bá fẹ́ jáde lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú gbọ́dọ̀ fi tọ́ọ̀ṣì pe ẹ̀ṣọ́ kí ó wá sìn ín.

Màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú wọn tọ̀ léraléra. Ojú ń tì wọ́n láti máa jí ọmọkùnrin àjèjì nítorí ìtọ̀, wọn kò sì sọ fún wa. Ńṣe ni wọ́n jáwọ́ nínú omi mímu láti ọ̀sán. Ní ọjọ́ kejì, òyì kọ́ wọn nínú ọkọ̀.

“Màmá, ṣé ẹ mu omi láti àárọ̀?”

“Ọmọ mi, bí mo bá mu ún, ta ni yóò máa sìn mí jáde lóru?”

A gbé wọn sí ibòji, a fún wọn lómi díẹ̀díẹ̀, ara wọn sì wálẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ bá ọ̀gá ibùdó. Kò pẹ́ tó fi gbé póò oníderí wá sínú àgọ́ wa. Ó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti dé; àwa ni a kò béèrè.

Bí ẹ bá fẹ́ mú àgbàlagbà lọ sí irú ibẹ̀, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè: ṣé inú àgọ́ ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà? Ṣé ó ní ìjókòó àti ohun tí a lè dì mú? Ta ni a ó pè lóru? Ẹ bi dókítà wọn pẹ̀lú nípa àsìkò tó yẹ kí wọ́n lo oògùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ bi àgbà náà fúnra rẹ̀, níkọ̀kọ̀, kí ìtìjú má baà pa á mọ́ wọn lára. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.