Ọ̀rọ̀ Ìdílé: Olóko Màlúù ará New Mexico



Ní ọ̀sẹ̀ yìí ẹ jẹ́ kí a bojú wo ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Bí ènìyàn ní ẹgbẹ̀rún màlúù níbẹ̀, tí aládùúgbò rẹ̀ sì ni orísun odò, ọwọ́ aládùúgbò náà ni ẹ̀mí màlúù rẹ̀ wà. Kí ẹ rántí omi yìí, nítorí a óò tún padà sí i.

A bí Albert Fall ní Kentucky ní ọdún 1861. Kì í ṣe ọmọ olówó. Kò tí ì pé ọmọ ọdún méjìlá tí ó fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ òwú. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́, ó da màlúù, ó wa kùsà, ó di agbẹjọ́rò, níkẹyìn ó ra oko màlúù ńlá kan ní Three Rivers, ní New Mexico. Nígbà tí New Mexico di Ìpínlẹ̀ ní 1912, òun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì àkọ́kọ́ tí a rán láti ibẹ̀ lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Washington. Ọlá dé, ṣùgbọ́n owó kò bá a dé. Ó jẹ gbèsè owó-orí oko náà fún ọdún pípẹ́. Ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn tí ó gba gbogbo ayé pa ọmọkùnrin rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn. Ẹni tí ó bá ti sin ọmọ rí kò ní fi èyí ṣe ẹ̀sín.

Ní 1921, Ààrẹ Harding, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi í ṣe Mínísítà tí ń ṣe àbójútó ilẹ̀ ìjọba. Láìpẹ́, àwọn ilẹ̀ epo tí a fi pamọ́ fún àwọn ọmọ ogun ojú omi bọ́ sí abẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ọmọ Doheny, olówó epo kan, gbé àpò dúdú kékeré kan wá fún un. Ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là ($100,000) ni ó wà nínú rẹ̀. Fall fi owó náà ra ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀, níbi tí omi ti ń sun. Doheny gba ilẹ̀ epo Elk Hills ní California. Olówó mìíràn, Sinclair, gba Teapot Dome ní Wyoming ní oṣù kẹrin 1922, ní ìkọ̀kọ̀, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a du ú. Màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ sì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé Three Rivers.

Ta ni ó kọ́kọ́ béèrè? Olóko màlúù bíi tirẹ̀ ni: John Kendrick, ọmọ aláìníbaba ará Texas, tí ó da màlúù dé Wyoming ní 1879, ọdún mọ́kànlá kí ibẹ̀ tó di Ìpínlẹ̀. Ó ti ṣe Gómìnà níbẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn ilé kọ̀wé sí i, ó sì dìde láàárín ìgbìmọ̀ ní oṣù kẹrin kan náà, ó ní kí a ṣàlàyé.

Nígbà tí Walsh ti Montana ń ṣe ìwádìí, oko náà fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́rìí. Àwọn aládùúgbò sọ bí a ti tún un ṣe, àti bí gbèsè owó-orí ọdún púpọ̀ ti di sísan lójijì. Fall kọ̀wé pé oníwèé ìròyìn kan ní Washington ni ó yá òun lówó; ọkùnrin náà búra pé òun kò yá a. Lójú tèmi, irọ́ yìí ni ó ba á jẹ́ ju owó náà lọ.

Ní 1929 a dá a lẹ́bi rìbá, ní 1931 ó sì wọ ẹ̀wọ̀n ní Santa Fe, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ tí ó ti rán an lọ sí Washington. Ṣùgbọ́n ní 1930, a dá Doheny láre pé kò fún un ní rìbá kan náà tí a ní ó gbà. Ẹ bá mi wo irú ìdájọ́ yìí! Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ Doheny fi gbèsè gba oko Three Rivers, tomi tilẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ lọ́wọ́ Fall mọ́ nígbà tí ó kú ní El Paso ní 1944.