Ọsàn Aláwọ̀ Ewé Kì í Ṣe Ọsàn Àìgbó: Ojú Wa Ló Ń Ra Carbure

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí lè dun àwọn kan. Àwa fúnra wa wà lára àwọn tó máa dùn.

Gbogbo wa là ń bú àwọn tó ń fi carbure mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò pọ́n. Òkúta tí àwọn jórinjórin ń lò ni, òun ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kábáìdì. À ń pè wọ́n ní ìkà. Ṣùgbọ́n ta ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́? Àwa ni. Àwa tí a dé ọjà Ouando, tí a rí ọsàn aláwọ̀ ewé, tí a yínmú, tí a sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tí èso tirẹ̀ pupa yòò. A bi ìyá kan níbẹ̀ pé kí ló dé tí kì í fi èso sílẹ̀ kó pọ́n fúnra rẹ̀. Ó ní: "Olùkọ́, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ò ní rà á?" A ò rí èsì fún un.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára èso. Kilorofíìlì ló ń mú ewé àti èèpo èso ní àwọ̀ ewé. Ọmọ Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde lára ewé ní ọdún 1817. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń gbà fún igi láti fi se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí, igi kì í kàn pa á tì, torí kilorofíìlì tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, tí oòrùn sì ń pa, lè ba ara igi jẹ́. Nítorí náà, igi á tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Á yọ magnesium tó wà láàárín rẹ̀, á já òrùka rẹ̀, á sọ ọ́ di ohun tí kò ní àwọ̀ kankan. Ọdún 1991 ni àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù, Matile àti Kräutler pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tó fi ohun aláìláwọ̀ yìí hàn. Àwọ̀ ìyeyè tí a wá ń rí, ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kilorofíìlì ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: títú kilorofíìlì palẹ̀ àti dídùn inú èso, iṣẹ́ méjì ni. Wọn kì í fi gbogbo ìgbà rìn pọ̀.

Ẹ wo ọsàn. Òru tó tutù dáadáa ló ń mú kí èèpo rẹ̀ pọ́n, bíi ti Sípéènì nígbà òtútù. Ní Àjàṣẹ́, àní lásìkò ọyẹ́, òru wa kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọsàn wa fi lè gbó, kó dùn, kó kún fún omi, síbẹ̀ kí èèpo rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọsàn kì í dùn sí i mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti já a. Ẹni tó bá mú èèpo rẹ̀ pọ́n lẹ́yìn náà, ojú wa ló tàn jẹ. Inú ọsàn kò mọ̀ sí i.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Bí ooru bá ti pọ̀ jù, inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mìíràn á rọ̀, á dùn, èèpo rẹ̀ á ṣì ní àwọ̀ ewé. Àwa á ní kò tíì pọ́n. Oníṣòwò á wá da carbure sí i. Bí ọ̀rinrin bá kàn án, gáàsì kan á jáde tó ń ṣe bí èyí tí èso fúnra rẹ̀ máa ń tú sílẹ̀ nígbà tó bá ń pọ́n. Èèpo á pupa kíákíá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èso náà kò tíì gbó. Carbure ọjà kì í sì í mọ́: ó máa ń ní arsenic àti phosphorus díẹ̀ nínú, májèlé sì ni. NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní Nàìjíríà léraléra, Íńdíà sì ti fi òfin dè é.

Àwa olùkọ́ náà jẹ̀bi. Ìwé Faransé tí wọ́n fi kọ́ wa, tí àwa náà fi ń kọ́ ọmọ, ọsàn pupa ló yà sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, èdè wa ti là á fún wa tipẹ́: gbígbó yàtọ̀, pípọ́n yàtọ̀. Àwọn bàbá wa á wo ìdí èso, wọ́n á fọwọ́ wọ̀n ọ́n, wọ́n á ní "ó ti gbó" kí wọ́n tó já a. Àwa tó kàwé la gbàgbé gbígbó, tí a di ẹrú pípọ́n. A gbé ọsàn méjì lọ sí kíláàsì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ ewé. Gbogbo ọmọ nawọ́ sí pupa. Nígbà tí a gé méjèèjì fún wọn lá, aláwọ̀ ewé ni wọ́n jà dù.

Àwọn kan á ní oníṣòwò gbọ́dọ̀ jẹun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò sì gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi èso kan tó ti pọ́n sáàárín àwọn tó gbó, ẹ bò wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀: gáàsì tirẹ̀ á mú àwọn yòókù pọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan, láìsí májèlé. Àwọn ìyá wa mọ èyí.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọjà lọ́la, ẹ má béèrè èyí tó pupa. Ẹ béèrè èyí tó gbó. Ẹ ra ọsàn aláwọ̀ ewé lójú gbogbo èèyàn, kí oníṣòwò rí i pé ó tà. Ọjọ́ tí ojú wa bá yé ra àwọ̀, ọjọ́ náà ni carbure máa padà sọ́dọ̀ àwọn jórinjórin tó ni ín.

Ẹ bá wa dá sí i: kí ni wọ́n ń ṣe lọ́jà tiyín?