Ẹ Má Pè Mí Ní Lọ́yà Ọmọ Onílẹ̀ Mọ́



Ní táàmù tó kọjá, wọ́n ní kí kálukú wa ní SS2 Art dìde sọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú. Ẹni mẹ́jọ ló ní lọ́yà làwọn máa jẹ́. Ẹnì kan ní lọ́yà ilé-iṣẹ́ epo lòun máa jẹ́, kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ní lọ́yà àwọn olórin, wọ́n hó yèè. Ó kàn mí, mo ní ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni lọ́yà tèmi máa máa ṣe. Ẹ̀rín bẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní "Lọ́yà Ọmọ Onílẹ̀". Mo ti fara da orúkọ náà tó. Lónìí, mo fẹ́ sọ tẹnu mi.

Èrò mi kò gùn. Nínú gbogbo irú lọ́yà tó wà, èyí tó mọ òfin ilẹ̀ àti òfin káńsù ló sún mọ́ ìgbésí ayé mẹ̀kúnnù jù lọ. Àwa ọmọ mẹ̀kúnnù ló sì yẹ kó kọ́kọ́ fẹ́ iṣẹ́ náà.

Ẹ gbọ́ ohun tó jẹ́ kí n mọ̀. Màmá àgbà mi ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì, tí wọ́n ti ń ta gààrí, èlùbọ́ àti ẹ̀wà. Ibẹ̀ ni owó ilé-ìwé mi ti ń wá láti pírámárì. Lọ́jọ́ kan, àwọn kan gbé ọ̀dà pupa dé, wọ́n fa X gàdàgbà sára ògiri. Wọ́n ní títì máa fẹ̀ sí i, kí a kó ẹrù wa láàárín ọjọ́ méje. Kí la ṣe? A bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó mọ ẹnì kan. Bàbá mi lọ bẹ ọ̀gá kan, ọ̀gá náà ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ajé. A gbààwẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, katapílà dé. Màmá àgbà jókòó sórí àpò gààrí, wọ́n ń wò ó títí tí ṣọ́ọ̀bù fi wó tán. Wọn ò sunkún. Ohun tí wọ́n bi wá ni pé, "Ṣé ẹ bá mi mú kóńgò mi jáde?"

Ṣọ́ọ̀bù kẹta sí tiwa, ìyá kan tó ń ta aṣọ ló ni ín. Wọ́n fa X sí tiwọn náà. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, ìyá aláṣọ ti kó ìwé lọ bá lọ́yà: ìwé ilẹ̀, pulánì, ìwé àṣẹ ìkọ́lé, àti risíìtì gbogbo owó tí wọ́n ti san fún káńsù. Lọ́yà náà kọ lẹ́tà méjì péré. Ohun tó béèrè kò ju mẹ́ta lọ. Òfin wo lẹ fi gba ibí yìí? Ìwé tí òfin ní kí ẹ fún onílé dà? Èló lẹ máa san lórí ilé tó wà níbẹ̀? Wọ́n padà wó ṣọ́ọ̀bù náà o, mi ò ní purọ́, torí títì gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n wọ́n wọn ilé náà, wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n sì san owó gbà-má-bínú. Owó yẹn ni ìyá aláṣọ fi gba ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Màmá àgbà tèmi ń ta gààrí lábẹ́ agboòrùn báyìí.

Mi ò sọ pé a ò jẹ̀bi rárá. Bàbá àgbà kọ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn láìgba ìwé àṣẹ, eku sì ti jẹ risíìtì tó yẹ kó wà nílé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan ládùúgbò wa tó lè sọ fún wa, nínú ọjọ́ méje yẹn, pé ìbéèrè wà tí a lè bi ìjọba.

Ẹ jẹ́ ká wo òfin fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1978 ni ìjọba ológun ṣe Òfin Lílo Ilẹ̀. Yàtọ̀ sí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, òfin yìí fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kó máa dì í mú fún ànfààní ará ìlú. Ìjọba lè gba ilẹ̀ padà tí ohun tó kan gbogbo ìlú bá béèrè fún un. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka òfin náà dé, wọ́n á ní "ilẹ̀ ìjọba ni, kí lèèyàn fẹ́ sọ?" Wọn kì í ka ìyókù. Òfin kan náà ló ní kí ìjọba fún ẹni tó ni ilẹ̀ ní ìwé, kó sì san owó ilé tó kọ́ àti irè oko tó gbìn. Abala 44 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 tún sọ pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú láìfi falẹ̀, àti pé ẹni tọ́rọ̀ kàn lè gba kóòtù lọ. Òfin wà, ẹni tó máa kà á fún màmá àgbà ni kò sí.

Kì í ṣe òní ni irú ẹjọ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1913, ìjọba òyìnbó fẹ́ gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Wọ́n ní Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, kì í ṣe onílẹ̀, alábòójútó lásán ni, nítorí náà owó kékeré ló tọ́ sí i. Olóyè kò gbà. Ẹjọ́ náà kúrò ní Èkó, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, níwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ tí wọ́n ń pè ní Privy Council. Herbert Macaulay bá Olóyè lọ. Macaulay kì í ṣe lọ́yà o, sọ̀fíyọ̀ ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ilẹ̀ lórí ìwé. Lọ́dún 1921, àwọn adájọ́ ní ará ìlú ló ni ilẹ̀ náà lóòótọ́, kí ìjọba san owó tó tọ́ sí onílẹ̀. Ẹ rò ó wò: àwọn tó ni ìjọba ló tún ni kóòtù, síbẹ̀ ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin ló borí.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé iṣẹ́ Yorùbá kò wúlò, ẹ súnmọ́ ibí. Lọ́dún 1976, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìwé wà níbẹ̀. Pípẹ́ lórí ilẹ̀ àti lílò ó bí onílẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ìdílé náà wà níbẹ̀: ta ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, báwo ló ṣe dé ibẹ̀, ta ló jogún rẹ̀ títí ó fi kan ẹni tó wà ní kóòtù. Lọ́yà tí kò lè jókòó ti arúgbó kó gbọ́ ìtàn dáadáa, báwo ló ṣe máa jà á? Iṣẹ́ yìí ń lo Yorùbá, ó ń lo Jọ́gíráfì, ó ń lo Gọ́fúmẹ́ǹtì.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní ẹjọ́ ilẹ̀ máa ń pẹ́, pé bàbá á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọ ló máa parí rẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ tún máa ní èèyàn lè jàre kó má rí ilé wọ̀. Òótọ́ nìyẹn náà. Àwọn Ègùn apẹja ní Otodo-Gbame, l'Ékòó, ní àṣẹ kóòtù lọ́wọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2016 pé kí wọ́n má wó ilé wọn, wọ́n wó o. Nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga dá wọn láre ní oṣù kẹfà ọdún 2017, omi àti iyanrìn nìkan ló kù níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ dúró de kóòtù. Lọ́yà rere tó jókòó nínú káńsù, tó lè sọ fún alága pé "Ọ̀gá, ẹ ò lè wó ọjà yìí láìfún wọn níwèé", gba èèyàn là ju lọ́yà mẹ́wàá tó wà níta lọ. Ọjà àti gáréèjì, iṣẹ́ káńsù ni. Itẹ́ òkú, orúkọ òpópónà, nọ́ńbà ara ilé, iṣẹ́ káńsù ni. Kò sí ọjọ́ kan tí àwọn nǹkan yìí kì í kan èèyàn. Epo rọ̀bì ńkọ́? Ìgbà wo lẹ fojú rí i kẹ́yìn?

Ọ̀nà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti lọ́yà yòókù: kírẹ́dìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì àti Lítíréṣọ̀, JAMB, ọdún márùn-ún ní yunifásítì, lẹ́yìn náà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn amòfin. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tí a fẹ́ ṣe é fún.

Ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo bẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà wa, nígbà tí ẹ bá tún pe àwọn òṣìṣẹ́ wá bá wa sọ̀rọ̀, ẹ bá wa pe lọ́yà ilẹ̀ kan. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá délé lónìí, ẹ bi àwọn òbí yín jẹ́jẹ́ pé, "Níbo ni ìwé ilé wa wà?" Tí eku bá ti ń jẹ ẹ́, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá gba ohun tí mo wí, kó kọ èsì tirẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, a máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibí yìí. Ẹni tó bá sì fẹ́ máa pè mí ní lọ́yà ọmọ onílẹ̀ náà, kó máa pè mí. Lọ́jọ́ tí ọ̀dà pupa bá dé ara ògiri ilé wọn, mo mọ ẹni tó máa wá.