Fáíbà Wọ Ilé: Kí Iná Tàn Kí Owó Tó Tán

Ẹni tó ń ra kòkó ní Ìdànrè kì í sanwó àpò kan kó má ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Á mú hóró mélòó kan, á fọ́ ọ, á wò ó bóyá ó gbẹ dénú, bóyá kò tíì bu. Aláṣọ náà kò ní gba ìdì aṣọ lọ́wọ́ oníṣòwò Èkó kó má tú u wò. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọlọ́gbọ́n ọjà kan náà yìí lè máa ka owó lé ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn lọ́wọ́ láìwo ohunkóhun. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, ojú àwọn kò tó o. Irọ́ ni o! Ojú wọn tó o dáadáa. Iná bíńtín mẹ́ta lára àpótí kan ṣoṣo ni olórí ohun tó wà níbẹ̀ láti wò.

ÒKÈ Ń DÍ ÌGBÌ

Òwò ti wọ inú fóònù, kò sí ẹni tí kò mọ̀. Oníbàárà ò kó owó dání wá sọ́jà bíi tàtijọ́ mọ́. "Ìyá, ẹ pe nọ́ńbà àkáǹtì yín" ló kù tí wọ́n ń sọ. Télọ̀ ní Aládé ń gba àwòrán àrà aṣọ láti Èkó lórí WhatsApp. Ọmọ tó ṣe JAMB fẹ́ wo èsì. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá lọ, oníbàárà á ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ọlọ́jà á ní fóònù òun ò dún, wọ́n á wá dúró máa wo ara wọn lójú bí ọ̀tá.

Ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, òpó ńlá àwọn iléeṣẹ́ fóònù lè gbìyànjú. Ìgbì rédíò ni òpó yẹn ń fọ́n káàkiri. Àmọ́ Ìdànrè kì í ṣe ilẹ̀ títẹ́. Láti 1923 tí àwọn ará ìlú ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá tẹ ìlú dó sí ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ àpáta ni ọ̀pọ̀ ilé wà. Òkè Ìdànrè tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, tí Nàìjíríà fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO ní 2007, òun kan náà ni ìgbì rédíò kò lè là kọjá. Ilé tí àpáta bá dúró láàárín òun àti òpó, ààbọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni yóò máa rí.

Okùn ò rí bẹ́ẹ̀. Okùn a máa yí ẹsẹ̀ òkè po bí ọ̀nà mọ́tò ṣe yí i po. Ìdí nìyẹn tí okùn tí wọ́n ń pè ní fáíbà fi yẹ ìlú abẹ́ òkè ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Lóòótọ́, àpáta kan náà ló máa ń mú kí gbígbẹ́ ilẹ̀ fún un nira, torí náà orí òpó ló sábà máa ń rọrùn láti gbé e gbà.

INÁ NÍNÚ DÍGÍ

Fáíbà, dígí ni. Wọ́n fa dígí tó mọ́ gaara títí tó fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, wọ́n sì fi rọ́bà bò ó. Iná ni wọ́n ń tàn sí i ní ìpẹ̀kun kan: tàn, pa, tàn, pa, lọ́nà tí ẹnu ò lè ka iye rẹ̀ láàárín kí ènìyàn tó mí lẹ́ẹ̀kan. Iná yẹn á máa ta lára ògiri dígí láti inú, kò ní jáde, títí yóò fi dé ìpẹ̀kun kejì. Àpótí inú ilé á wá tú u padà sí ọ̀rọ̀, àwòrán àti ohùn.

Ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charles Kao, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ George Hockham, ni wọ́n kọ ọ́ jáde ní 1966 pé bí dígí bá mọ́ tó, iná á rin ọ̀nà jíjìn nínú rẹ̀. Ní 1970, iléeṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà rí irú dígí bẹ́ẹ̀ ṣe. Wọ́n fún Kao ní ẹ̀bùn Nobel ní 2009.

LÁTI INÚ ÒKUN

Abẹ́ òkun ni àwọn okùn ńlá gbà wọ Èkó. MainOne tó dé ní 2010 gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 7,000 láti ilẹ̀ Potogí. Equiano ti Google gúnlẹ̀ ní oṣù kẹrin 2022. Iná inú wọn ń sáré nǹkan bíi kìlómítà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Yóò ti Potogí dé Èkó kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Láti Èkó ni okùn orí ilẹ̀ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ títì lọ sí ìgboro àwọn ìlú yòókù.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ òkun ò kan òun, kó rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024. Okùn mẹ́rin ló bà jẹ́ nínú òkun nítòsí Àbíjàn, ní Kóti Difúà. Íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, báńkì mélòó kan ní Nàìjíríà ò sì lè dá oníbàárà lóhùn. Ọlọ́jà tí kò rí òkun rí náà jẹ nínú ìyà ọjọ́ yẹn.

Àwọn ìlú ńlá bí Èkó, Àbújá àti Ìbàdàn ni fáíbà ti kọ́kọ́ wọ ilé àwọn ènìyàn. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun fẹ́ fi kìlómítà 90,000 kún okùn tó wà nílẹ̀, kó lè kárí ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo. Níbi tí ohun tuntun bá sì ti ń bọ̀, agbowó lè ṣáájú rẹ̀ dé.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí onílé tó san kọ́bọ̀, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó bi ẹni tó wá tajà.

Èkíní: "Níbo ni àpótí yín tó sún mọ́ ilé mi wà?" Fáíbà kì í fò. Láti inú àpótí kan lórí òpó ládùúgbò ni okùn tín-ín-rín ti ń bọ̀ sí ilé. Okùn kan láti ọ́fíìsì wọn ni wọ́n máa ń pín sí ilé 32 tàbí 64. Kí ẹni tó ń tajà mú onílé lọ fi ojú rí àpótí náà. Bí kò bá sí àpótí, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ so mọ́lẹ̀. Nígbà náà, kí onílé máa lo ti òpó, tàbí kó wádìí nípa àwo Starlink tó wọ Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2023. Àwo yẹn sì rèé, ojú ọ̀run gbalasa ló ń fẹ́. Ilé tí àpáta bá bò lójú kò ní rí i lò dáadáa.

Ìkejì: "Èló ni owó kọ̀ọ̀kan?" Owó síso wà, owó àpótí wà, owó oṣooṣù wà. Kó bèèrè bóyá àpótí á di tòun, àbí yíyá ni. Kó bèèrè iye mítà okùn tí owó náà kó mọ́ra, kí wọ́n má baà dé orí àkàbà tán kí wọ́n ní okùn ò tó.

Ìkẹta: "Bó bá bà jẹ́, ta ni ń bọ̀ wá tún un ṣe, láàárín ọjọ́ mélòó?"

Kí gbogbo rẹ̀ wà lórí rìsíìtì. Àkáǹtì iléeṣẹ́ ni kí owó lọ, kì í ṣe ti ọmọ iṣẹ́.

ỌJỌ́ TÍ WỌ́N BÁ DÉ

Okùn dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọn yóò fà láti orí òpó wá sára ilé. Kí okùn tó wọ ihò ara ògiri, ó yẹ kó kọ́kọ́ ṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, kí omi òjò lè kán sílẹ̀ níta dípò kó tẹ̀ lé okùn wọlé. Kí wọ́n sì dí ihò náà.

Dígí kì í fẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ń ká ẹ̀ka igi. Bí okùn bá ṣẹ́ kọdọrọ ní igun ògiri, iná á jò jáde níbẹ̀. Kí ó yí roboto ni. Kí ẹnikẹ́ni má kan ìṣó mọ́ ọn, kí wọ́n má sì gbé bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ iṣẹ́ á bó rọ́bà orí okùn, á fi ẹ̀mù ìfọ̀dígí nù ún, á gé dígí náà gún régé, á sì so ó pọ̀. Orí okùn aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ búlúù kì í bára wọn lọ. Wọ́n gé ti àkọ́kọ́ ní ìdagun, ti ìkejì tẹ́jú. Àfọ́kù dígí tó bá bọ́ sílẹ̀ kéré ju ẹ̀gún lọ, ó sì lè wọ ẹsẹ̀ ọmọdé. Kí onílé ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí. Kí ẹnikẹ́ni má sì yọjú wo ẹnu okùn. Ojú kò lè rí iná inú rẹ̀, síbẹ̀ ó lè ba ojú jẹ́.

Kí wọ́n tó ki okùn bọ àpótí, ọmọ iṣẹ́ ní ẹ̀rọ kékeré kan tó fi ń wọn agbára iná. Kí onílé ní kó fi han òun. Nọ́ńbà ibẹ̀ máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú. Bó bá jẹ́ 18, 20 tàbí 22, ó dáa. Bó bá ti kọjá 27, iná ti rẹ̀; bó ṣiṣẹ́ lónìí, ó lè dákú lọ́la.

INÁ MẸ́TA

Ó wá ku jíjí àpótí. Nọ́ńbà kan wà lẹ́yìn tàbí nídìí àpótí kọ̀ọ̀kan, tí òmíràn kò ní. Ọmọ iṣẹ́ á fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, àwọn yẹn á sì so ó mọ́ orúkọ onílé. Bí wọn ò bá tíì ṣe èyí, iná lè dé inú àpótí kí íntánẹ́ẹ̀tì má dé.

Kí onílé wá wo ojú àpótí. Ibi tí wọ́n kọ POWER sí: bó bá tàn, iná mànàmáná ti wọlé. Ibi tí wọ́n kọ PON sí: bó bá ń ṣẹ́jú, àpótí ṣì ń bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀, bó bá dúró láìṣẹ́jú, wọ́n ti mọ ara wọn. Ibi tí wọ́n kọ LOS sí: kò gbọdọ̀ tàn rárá. Bó bá pupa, iná inú dígí kò dé, tàbí kò tó. Okùn ti ṣẹ́ níbì kan, àbí ó dọ̀tí, àbí kò wọlé dáadáa.

Níbi yìí gan-an ni owó ń há. Ọmọ iṣẹ́ lè ní, "Ìyá, ẹ má ṣèyọnu, ẹ san ìyókù, tó bá di ọ̀la á wá fúnra ẹ̀." Èsì rẹ̀ ò le: "Ó dáa, ọmọ mi. Tó bá dé lọ́la, wá gba ìyókù lọ́la."

Bí iná bá sì tàn bó ṣe yẹ, kí onílé fi fóònù ara rẹ̀ ṣí nǹkan wò níṣojú ọmọ iṣẹ́, nítòsí àpótí àti nínú yàrá tó jìn jù. Ògiri a máa gba agbára Wi-Fi. Àárín ilé ló yẹ kí àpótí wà, kì í ṣe ẹ̀yìn àpótí aṣọ.

LẸ́YÌN TÍ INÁ BÁ TÀN

Pasíwọ́ọ̀dù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí àpótí, kí onílé pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kó má fi orúkọ ọmọ tàbí nọ́ńbà fóònù ṣe é. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, kó jókòó ti ọmọ iṣẹ́ kó kọ́ ọ.

Bí iná tí àwọn ènìyàn ṣì ń pè ní NEPA bá lọ, okùn ò kú, àpótí ló kú. Àpótí náà kì í sábà jẹ ju wáàtì 10 sí 15 lọ. Bátìrì kékeré tí wọ́n ṣe fún un lè gbé e fún wákàtí mélòó kan, kò dìgbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀.

Bí iṣẹ́ bá bà jẹ́ tí iléeṣẹ́ kò dáhùn lẹ́yìn tí onílé ti fẹjọ́ sùn wọ́n, àjọ NCC tó ń bójú tó iléeṣẹ́ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì wà. Nọ́ńbà 622 ni wọ́n ń pè, ọ̀fẹ́ ni. Kí rìsíìtì wà nítòsí.

TI GBOGBO ÀDÚGBÒ NI

Okùn tó dé ilé kan, ó gba iwájú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá. Lọ́rí tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí pákó gíga lè fà á já. Iná igbó ìgbà ọyẹ́ lè jó o. Ẹni tó ń gbẹ́ ṣalángá lè fi dígà gé e. Olè ló burú jù, torí ó rò pé kọ́pà wà nínú rẹ̀. Kò sí kọ́pà nínú dígí. Kò sí ìwọ̀n tí aláàkàrà-irin lè fi gbé e tí yóò fi mówó wá. Ní oṣù kẹfà 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí àṣẹ tó ka irú okùn yìí mọ́ ohun pàtàkì orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ ti rú òfin.

Tí ẹnikẹ́ni bá rí okùn tó já lulẹ̀, kó má gé e, kó má ká a nílẹ̀, kó má sì fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Kó sọ fún ẹni tó ń lò ó tàbí iléeṣẹ́ tó ni ín lọ́jọ́ náà. Télọ̀ kan lè wà lẹ́yìn àpáta tó ń dúró de owó iṣẹ́ rẹ̀ láti ara okùn yẹn.